Kì í Ṣe Owó Ẹnu Ọ̀nà ni Ó Ń Mú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọjà Mọ́

Bí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà Akẹ̀sán tàbí àwọn onímọ́tò Owódé ní ìlú Ọ̀yọ́, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé, bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní pẹ́ di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀. Wọ́n gbà pé owó tí à ń san lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń mú un mọ́, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ iye kan náà ni olówó àti tálákà ń san, a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìmọ́tótó tọkàntọkàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò. Ṣùgbọ́n apá méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀ lé owó náà dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọjà àti gáréèjì ilẹ̀ wa, ńṣe ni wọ́n máa ń háyà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ẹnì kan, tí yóò máa san iye tí wọ́n dá lé e, tí èyí tí ó bá ṣẹ́ kù yóò sì jẹ́ èrè tirẹ̀. Ọṣẹ tí ó bá rà, omi tí ó bá pọn sílẹ̀, ọkọ̀ tí ó bá pè láti wá fa ṣáláńgá tí ó ti kún, inú èrè yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tí ó jókòó ti àpótí owó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ètò tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni ó mú kí èrè rẹ̀ máa pọ̀ sí i bí ìnáwó rẹ̀ bá ṣe ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè sanwó kí ó má sì bá omi nínú ilé náà.

Ohun tí ó ń mú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ni omi tí kì í tán, ihò tí a ń fà kí ó tó kún, iye yàrá tí ó tó fún èrò tí ń lò ó, àti ẹni tí ń gba owó oṣù láti máa fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí ní ìlú wa ní ibi ìtọ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ láìsan kọ́bọ̀, tí ike omi sì wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì mọ́ ju ti gáréèjì tí à ń sanwó sí lọ. Àwọn ìjọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń dá owó rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Network Rail, tí ó ń bójú tó àwọn ibùdókọ̀ ojú irin ńláńlá, ṣíwọ́ gbígba owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọdún 2019. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1970 láti gbógun ti ilẹ̀kùn tí kì í ṣí àfi kí a sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀. Ìlú Chicago fòfin de irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1973, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó fara mọ́ owó sísan lè sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ni wọ́n tì pa lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin mú owó ẹnu ọ̀nà kúrò, ọ̀pọ̀ ìlú kò sì fi owó mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ètò ìṣúná wọn. Àìsí ẹni tí yóò náwó sí i ni ó pa á, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń sọ nígbà náà ni ó bá tiwa mu jù lọ: ibi tí ọkùnrin ti ń dúró tọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin kò lè tọ̀ láìsanwó ilẹ̀kùn. Ẹ wo ọjà tiwa. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yóò kọjú sí ògiri lẹ́bàá gọ́tà, bí wolé-wolé kò bá sí nítòsí, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìná nǹkan kan. Ìyá alátà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń gbà, tí ó sì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦1,800 ti lọ nìyẹn, ó sì di ₦7,200 lọ́sẹ̀ mẹ́rin, láì tíì ka ọmọ tí ó mú wá sọ́jà. Aláṣọ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lè má fura sí iye yẹn. Ẹni tí ó ń pàtẹ ewébẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Aboyún ń san jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni arúgbó tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, àti obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Àwọn kan kò sì ní sanwó rárá: wọn kò ní mu omi nínú oòrùn láti àárọ̀, wọn yóò sì mú ìtọ̀ mọ́ra títí wọn yóò fi délé, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣègùn ń kìlọ̀ pé àìmomi tó àti ìtọ̀ mímú mọ́ra máa ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti àpò ìtọ̀. Báwo ni a ṣe lè pe èyí ní ọgbọọgba?

Bákan náà ni iye yàrá. Yàrá mẹ́ta fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin, ó dà bí ẹni pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n obìnrin máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ nítorí aṣọ, ọmọ àti nǹkan oṣù. Ìlú New York ṣòfin ní ọdún 2005 pé ní àwọn ibi ìpéjọ tuntun, ti obìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì sí ọ̀kan ti ọkùnrin. Ní ti àwọn abirùn, òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogboogbò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí abirùn lè rí wọn lò; ọdún márùn-ún náà sì ti pé.

Ọdún 2019 yẹn kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí yíyàgbẹ́ ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ẹni tí kò ní owó ẹnu ọ̀nà ni yóò gba ẹ̀yìn àkìtàn lọ, òjò yóò sì gbé ìgbẹ́ náà dé kànga gbogbo wa, títí kan ti ẹni tí ó ń sanwó.

Ta ni yóò wá náwó sí i? Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dáhùn. Nínú Àfikún Kẹrin, níbi tí ó ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọjà àti gáréèjì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí. Àwọn ọlọ́jà sì ti ń san owó ìsọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà béèrè lọ́wọ́ alága àti kánsẹ́lọ̀ iye tí ó wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí fún omi, fún fífa ihò, àti fún owó oṣù àwọn tí yóò máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà wọn, kí wọ́n sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.