Ta ló mọ ọ̀nà ìwé àṣẹ ìbọn ní Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kó sọ fún mi: ọ́fíìsì wo gan-an ni èèyàn ń lọ ní Àkúrẹ́ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìbọn alátẹ́gùn? Mo ti béèrè títí ó ti sú mi. Wọ́n ní kí n lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Mo dé Alágbàká, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Mo lọ síbi tí wọ́n júwe, àwọn yẹn náà ní Abùjá ni wọ́n ti ń gbà á. Ọkùnrin kan tó ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn tábìlì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọkọ yín mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Kí ló kan ọkọ mi níbẹ̀? Ṣé orúkọ ọkọ mi ni mo kọ sí lẹ́tà tí mo fi ń béèrè àṣẹ ni?

Eré ìdárayá ni mo fẹ́ ṣe. Gbogbo wa la rí bàbá ará Tọ́kì yẹn lórí fóònù nígbà Olympics Paris ní 2024, Yusuf Dikeç, tó ti ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò tó sì ń fi ọwọ́ kejì yìnbọn sí àmì. Òun àti Şevval İlayda Tarhan jọ gba fàdákà. Manu Bhaker, ọmọbìnrin Íńdíà, gba idẹ méjì níbẹ̀. Láti 1988 ni eré ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn ti wà nínú Olympics. Mítà 10 ni ẹni tó ń yìn ín máa ń dúró sí. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ rárá, ọta ọ̀hún kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 4.5 lọ. Àárín àmì tó ń fúnni ní máàkì 10, mìlímítà 11.5 péré ni, èékánná àtàǹpàkò mi bò ó mọ́lẹ̀. Ọta 60 ni èèyàn máa yìn láàárín ìṣẹ́jú 75, lórí ìdúró, ọwọ́ kan ṣoṣo. Tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, asán ni. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó lè là mí lọ́yẹ, mo wá Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, mo kà á fúnra mi. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn arọ̀jò-ọta, bọ́ǹbù, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ gidi, Ààrẹ nìkan ló lè yọ̀ǹda wọn. Ìbọn ọdẹ bíi dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu ní ìpín tirẹ̀. Ìbọn alátẹ́gùn wá ńkọ́? Ìpín kejì ni wọ́n tò ó sí, pẹ̀lú ìbọn tó ń gbé ẹfọ̀n ṣubú! Mo gbà bẹ́ẹ̀ náà. Òfin ni òfin ń jẹ́, mi ò ní kí wọ́n yí i padà nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí òfin gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti kà á?

Nítorí pé òfin yẹn sọ irú ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fún. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ọ̀mùtí. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀! Ẹ wá yẹ ojú mi wò, ẹ wádìí mi ní àdúgbò mi ní Ọ̀bà-Ilé, ẹ bi pásítọ̀ mi, ẹ bi àwọn tá a jọ ń tajà. Ta ló béèrè ìkankan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi? Kò sí. Alágbàtà kan ló tẹ̀ lé mi jáde nínú ọgbà ọ́fíìsì kan, ó ní òun á bá mi "ṣe é" láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí n ṣáà mú owó wá. Kò bi mí bóyá mo ń mutí. Kò bi mí bóyá mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó wo báàgì mi nìkan. Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀yin ará, tó bá lè ṣe é fún mi lọ́nà yẹn, àwọn wo ló ti bá ṣe é tẹ́lẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó ń yìnbọn ṣeré tún wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹgbẹ́ kankan ní Àkúrẹ́ tó ń ṣe eré yìí. Ẹgbẹ́ kan tí mo pè ní ìlú míràn ní kí n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ná kí wọ́n tó gbà mí. Ọ́fíìsì wá ní kí n mú lẹ́tà ẹgbẹ́ wá kí wọ́n tó gba ìwé mi. Ibo ni kí n gbà? Mo lọ bá àwọn eléré ìdárayá ní pápá ìṣeré, wọ́n ní àwọn ò ní irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀lù wọn.

Ọmọ àbúrò màmá mi kan ń gbé ní Sydney, ní Australia. Àwọn náà ń béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn alátẹ́gùn ìléwọ́, àṣejù tiwọn tiẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ṣe kedere: èèyàn á wọ ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn láì ṣe èèyàn léṣe, ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ á sì jẹ́ ti ìdánwò fún oṣù 12, lábẹ́ ojú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ gan-an ni ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá yé wọn, wọ́n á tètè rí i.

Ẹ má sì sọ fún mi pé nítorí ààbò ni. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ tiwa yìí, wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn lọ́jọ́ ìsinmi. A sunkún, a ṣì ń sun ún. Ṣé àwọn yẹn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kankan? Ṣé ẹnikẹ́ni bi wọ́n bóyá ìyàwó wọn mọ̀ sí i? Èmi tí mo kó ìwé mi wá ní ọ̀sán gangan, tí mo ní kí ẹ kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà ìbọn sílẹ̀, èmi lẹ ń wò bí olè.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ọ́fíìsì tó ń gba ìwé, iye owó tí ìjọba gbé lé e, báńkì tí wọ́n ń san án sí, ìwé tí èèyàn máa mú dání, ọjọ́ tí èsì máa jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ kò ní fún mi, ẹ kọ "rárá" sórí lẹ́tà mi, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri níta, níbi tí ojú gbogbo èèyàn máa tó o, kí alágbàtà yẹn lè wá iṣẹ́ míràn ṣe.