Àtúnṣe: Kọ̀ǹpútà Windows 10 yín kò tíì di ohun àdànù

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp pé gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 ti kú láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àti pé ẹni tó bá fi Linux, ètò mìíràn tó lè darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, sórí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò bà á jẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́.

Ní ọjọ́ náà, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe ààbò, àwọn ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé kò ní rí ẹni dí wọn mọ́.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland lọ́dún 1991, jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Linux Mint, ọ̀kan lára oríṣiríṣi Linux tó wà, lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 2GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló rọrùn jù. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ gbà á sílẹ̀ láti ojú òpó àwọn tó ṣe é, ẹ fi ètò tó ń kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí fíláàṣì kọ ọ́ sórí fíláàṣì tí kò sí nǹkan pàtàkì nínú rẹ̀, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì náà. Yóò ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹ ó sì mọ̀ bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù náà ti inú ohun kan wá, nítorí pé bí ẹ bá yàn láti fi Linux rọ́pò Windows pátápátá, gbogbo fáìlì inú ẹ̀rọ ni yóò parẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da wọn kọ síbòmíràn. Fáìlì ló ń parẹ́, ẹ̀rọ kì í bàjẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ti gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ẹ̀rọ wọn nù.