Ẹ Bá Mi Sọ fún Bàbá Mi Pé Ẹ̀yìn Ni Mo Ti Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi ní orílẹ̀-èdè Fínlándì ni pé kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ní ọ̀gangan àárín, níwájú aṣọ́lé, bí mo bá sì ṣe é bí iṣẹ́ láti ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè títí di ìgbà tó bá tún un fọn, kò ní sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè rántí nípa mi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn kò gbà pé ènìyàn lè torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọn a máa béèrè iye tí mo gbá sáwọ̀n. Bí mo bá fèsì pé n kò gbá ọ̀kankan, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ọ̀kankan sínú tiwa, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní kí n má bọkàn jẹ́, pé ìgbà kì í lọ bí òréré.

Gbenga Okunowo ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún mi. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1979, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona tí Louis van Gaal darí gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Spéìn ní sáà 1998 sí 1999. Bàbá mi mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ oríkì ilé wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń pa ìtàn náà dé. Bí mo bá ní kí n rán wọn létí pé Barcelona yá a fún Benfica ní Pọ́túgàl, tí wọ́n tún yá a fún Badajoz, pé lẹ́yìn náà ó gbá bọ́ọ̀lù ní Gíríìsì, ní Romaníà, ní Albáníà, ní Ukréìn, títí tó fi dé Maldives láàárín òkun Íńdíà, ńṣe ni ojú Bàbá túbọ̀ máa ń tàn: wọ́n ní ẹni tó ń rìn tó bẹ́ẹ̀, owó ni kò jẹ́ kó lè jókòó. Ta ni yóò ṣàlàyé fún wọn pé nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó jókòó sójú kan ló sábà ń rí owó gbà, àti pé àdéhùn tó parí tí kò sẹ́ni tó tún un kọ ló ń sọ agbábọ́ọ̀lù di arìnrìn-àjò?

Ọ̀rọ̀ líìgì tún wá dojú rú. Títí di ọdún 2023, Ykkönen tí ẹgbẹ́ wa wà ni ìpele kejì, Veikkausliiga nìkan ló sì ga jù ú lọ. Nígbà tó di ọdún 2024, líìgì tuntun kan dé tó ń jẹ́ Ykkösliiga, ẹgbẹ́ 10 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sì fi há àárín àwọn méjèèjì. A kò kúrò níbi tí a wà o. Ibi tí a wà ló gbé wa lọ sísàlẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé a ti wà ní ìpele kẹta báyìí. Wọ́n ní, “Ìkẹta nínú gbogbo Fínlándì?” N kò tíì rí èsì fọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti se ìrẹsì fún ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ni mo san owó ìrẹsì náà, láti inú owó tí mo ń gbà nídìí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo máa ń nù láàárọ̀, nítorí pé ní ìpele tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wa san owó ilé.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú mi láìjanpata ni ohùn. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà kí atamátàsé tó lè bọ́ sí ọ̀fúsáìdì. Bí ẹnì kan bá fi pẹ́nrẹ́n pẹ́ lẹ́yìn, ó parí, nítorí náà ẹnì kan ní láti máa pariwo. Ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni àwọn ará ibí. Méjì nínú wọn lè wọ bọ́ọ̀sì láti Turku dé Helsinki kí wọ́n má sọ ju ìkíni lọ, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀ pé àwọn ti gbádùn ara àwọn. Èmi, ẹsẹ̀ òkè Màpó ni mo dàgbà sí, níbi tí a kì í ti í kan ilẹ̀kùn, nítorí pé láti ojú títì ni a ti ń pe ẹni tí a ń wá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ké pé kí wọ́n jáde, àwọn mẹ́ta tiwa jáde, atamátàsé ẹgbẹ́ kejì náà sì bá wọn jáde.

Àwọn àgbà ni ìṣòro mi gan-an. Wọ́n tọ́ mi pé ọmọdé kì í fi èjìká gbún àgbà, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń bá àwọn atamátàsé pàdé ní ìpele wa tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lókè rí, tí irun wọn ti ń funfun, tí ọmọ wọn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn já gba ẹ̀gbẹ́ mi lọ lọ́jọ́ kan. Mo fi ìdí yọ̀ tẹ̀ lé e lórí koríko oníke, mo gba bọ́ọ̀lù láìfara kàn án, ṣùgbọ́n bàbá náà ṣubú. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, mo ń wí pé, “Ẹ má bínú sà, ẹ pẹ̀lẹ́ sà.” Rẹfirí tó ti fọwọ́ júwe pé kí eré máa lọ wá yí ọkàn padà, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ tó báyìí ti ní láti ṣe nǹkan. Ó fún mi ní káàdì yẹ́lò.

Wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá gba káàdì sínú àbọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Àbúrò mi ló ṣí i fún Bàbá. Wọn kò rí orúkọ mi níbẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Fínlándì, àmì kékeré aláwọ̀ wúrà kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agboolé ti gbọ́. Bàbá pè mí, wọ́n kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n wá gbàdúrà pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń bọ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí n gba méjì. Ìyá mi ní àmín.