Òfin tí wọ́n torí àwọn ńlá ṣe, àwọn kékeré ló ń mú

Èrò ọkàn mi rèé o, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ti ṣòfin tuntun lórí òwò tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ káwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ pé ìlú tàwọn ní òfin. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà á pariwo díẹ̀, wọ́n á háyà agbẹjọ́rò, wọ́n á ṣe ohun tí òfin wí, iṣẹ́ wọn á sì máa lọ ní pẹrẹu. Ẹni tí òfin náà ń fún lọ́rùn gan-an lẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí ápù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún oníbàárà tó wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí òfin yẹn, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ó ń dùn mí.

Mi ò sọ pé kí ìlú má ṣòfin. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kó ọ̀rọ̀ nípa ìlera èèyàn, owó rẹ̀, ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ jọ, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó lè bi í léèrè. Nígbà tí Edward Snowden, tó ti bá iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, tú àṣírí síta lọ́dún 2013 nípa bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn káàkiri ayé, ìbẹ̀rù tó bá àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kì í ṣe ìbẹ̀rù ojo. Wọ́n rí nǹkan kí wọ́n tó bẹ̀rù. Àmọ́ pé àìsàn wà lára kò sọ pé gbogbo oògùn tí wọ́n bá gbé wá ló máa wò ó.

Oògùn tí mo rò pé ó burú jù ni òfin tó ní dátà àwọn ará ìlú, ìyẹn orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, ohun tí wọ́n rà àti bí wọ́n ṣe sanwó, gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ìlú náà gan-an. Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Nígbà tí LinkedIn, ìkànnì táwọn èèyàn fi ń wá iṣẹ́, ò tẹ̀ lé e, wọ́n dínà rẹ̀ mọ́ gbogbo èèyàn ibẹ̀ lọ́dún 2016. Òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ti Vietnam tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ní Íńdíà, báńkì àpapọ̀ wọn pàṣẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 pé gbogbo àkọsílẹ̀ nípa owó tí wọ́n bá san gbọ́dọ̀ wà nílé, ó sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ní oṣù 6 péré láti ṣe é. Nígbà tó di ọdún 2021, ó ní kí American Express, Diners Club àti Mastercard, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni káàdì ìsanwó, má gba oníbàárà tuntun mọ́, torí pé wọn ò tíì ṣe é bó ṣe fẹ́. Kí ọdún 2022 tó parí, ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mastercard lè fara da ìyà fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun, kó kọ́ ilé fún un, kó gbà á tọ́jú, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹni tó ṣe ápù tí àwọn olùkọ́ fi ń ṣírò máàkì lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ibì kan ṣoṣo ló háyà tó ń tọ́jú gbogbo dátà rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dá gbogbo oníbàárà rẹ̀ lóhùn, ibi yòówù kí wọ́n wà. Ohun tó jẹ́ kí òwò yìí ṣeé ṣe fún un nìyẹn. Bí orílẹ̀-èdè 10 bá ní kí ó wá háyà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó tó ń jẹ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, kò ní pariwo, kò ní gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Á kàn yọ orúkọ ìlú yẹn kúrò nínú ibi tó ń tajà sí. Àwọn ará ìlú yẹn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọn ò rí rà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Wọ́n ní torí ààbò aráàlú làwọn ṣe ń kó dátà wálé. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Apple kó fọ́tò, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ṣáínà tó wà nínú iCloud, ibi ìtọ́jú dátà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ilé iṣẹ́ kan ní Guizhou, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà, kí ó lè bá òfin ibẹ̀ mu. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí dátà náà bá a lọ sílé. Tẹ́lẹ̀, ìjọba Ṣáínà tó bá fẹ́ wo inú rẹ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ òfin Amẹ́ríkà kọjá. Látìgbà yẹn, ìlànà ti ilé wọn ló kù. Ta ni ààbò yìí wá wà fún? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti òfin tó de ẹni yẹn ló ń pinnu bóyá àṣírí èèyàn máa bò. Ìlú tí kọ̀ǹpútà wà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀nà ti Yúróòpù ló dáa. Lórí ohun tí wọ́n ń wá, mo gbà pẹ̀lú wọn. GDPR, òfin dátà wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti wo tiwọn ṣe tiwọn. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni pé ẹni tó ń tajà láti òde ò mọ ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé. Àdéhùn tí wọ́n fi ń gba dátà lọ sí Amẹ́ríkà, kóòtù gíga Yúróòpù fagi lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Wọ́n ṣe òmíì, kóòtù tún fagi lé ìyẹn ní oṣù Keje ọdún 2020. Oṣù Keje ọdún 2023 ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó jáde. Láàárín ọdún mẹ́ta tí kò sí àdéhùn yẹn, aláṣẹ dátà ní Ireland bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 owó yúrò lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, lórí torí dátà tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Meta ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àmọ́ lọ́jọ́ tí GDPR bẹ̀rẹ̀, Los Angeles Times àti Chicago Tribune tilẹ̀kùn mọ́ àwọn òǹkàwé tó wà ní Yúróòpù, torí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ìwé ìròyìn ńlá nìyẹn o! Bí irú wọn bá sá sẹ́yìn, kí lẹ rò pé ẹni kékeré máa ṣe?

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí àwọn èèyàn kì í sọ púpọ̀, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń ká mi lára. Abala 27 GDPR ní ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi Yúróòpù, tó sì ń tajà fún àwọn tó wà níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ní aṣojú níbẹ̀ tí aláṣẹ dátà lè bá sọ̀rọ̀, àfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kan dátà wọn. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni aṣojú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n fòpin sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjà tí owó rẹ̀ ò ju yúrò 22 lọ kí ó má san owó orí ọjà, wọ́n sì ṣí ojú ibì kan ṣoṣo tí èèyàn lè ti san án fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ọjà tí kò bá ju yúrò 150 lọ. Ìyẹn dáa, mo yìn wọ́n fún un. Àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn odi sábà máa ń ní láti gba alágbàṣe kan níbẹ̀ kó tó lè lo ojú ibi yẹn. Ó tún di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òfin tuntun lórí ààbò ọjà tún ní kí ọ̀pọ̀ ọjà ní ẹnì kan ní Yúróòpù tí yóò dúró fún un. Aṣojú nítorí dátà, alágbàṣe nítorí owó orí, onídùúró nítorí ààbò ọjà. Ẹni tó ń fọwọ́ hun àpò tà á sanwó fún gbogbo wọn kó tó ta àpò kan! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kúrò láàárín wọn gbé òfin dátà náà dání lọ, tiẹ̀ náà sì ń fẹ́ aṣojú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló kọ ọ́ sójú ìkànnì wọn ní òpin ọdún 2024 pé àwọn ò fi ọjà ránṣẹ́ sí Yúróòpù mọ́.

Amẹ́ríkà náà ò gbẹ́yìn. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹrù tí owó rẹ̀ ò ju dọ́là 800 lọ fi ń wọlé síbẹ̀ láìsan owó ibodè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 wọ́n fòpin sí i fún gbogbo ayé. Àkókò tí wọ́n fún àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù kéré débi pé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé ṣe sọ, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ 88 káàkiri ayé ló dá ẹrù tó ń lọ síbẹ̀ dúró, yálà díẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń kó lọ sì já wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ilé ìkẹ́rùsí sí Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi páálí kan ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú.

Lórí ọ̀rọ̀ owó orí, mo fara mọ́ ọn pé ibi téèyàn bá ti rówó, kó san owó orí níbẹ̀. Nígbà tí Faransé gbé owó orí 3% kalẹ̀ lọ́dún 2019 lórí owó tí ilé iṣẹ́ ńlá ń rí látinú ìpolówó àti ìkànnì ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un káàkiri ayé lórí irú iṣẹ́ yìí bá tó mílíọ̀nù 750 yúrò nìkan ló bá wí, kó sì tún ti pa mílíọ̀nù 25 nínú rẹ̀ ní Faransé. Ó dà bíi pé wọ́n rántí àwọn kékeré. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Amazon fi 3% kún owó tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí ìkànnì rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiẹ̀, tó jẹ́ 2%, jáde ní ọdún 2020, ó fi 2% kún ti ibẹ̀ náà. Ẹrù tí ìjọba gbé ka orí Amazon, orí ọlọ́jà ló sọ ọ́ sí. Inú bí mi nígbà tí mo ka ìyẹn, torí pé lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ṣòfin ti gbìyànjú. Ohun tí wọ́n ṣàìfi sí i ni ìlà kan péré tí yóò ka dída owó náà sórí ọlọ́jà léèwọ̀, tàbí tí yóò kéré tán mú kí wọ́n kọ ọ́ síta kí oníbàárà rí i. Kánádà ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ọ̀rọ̀ ìṣòwò tí wọ́n ń bá ara wọn sọ dúró torí irú owó orí yìí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Kánádà gbé ti tiẹ̀ tì nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó.

Ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lọ́dún 1998 pé káwọn má gba owó ibodè lórí ohun tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ìpàdé dé ìpàdé ni wọ́n sún un síwájú títí di ọdún 2024. Íńdíà, Indonéṣíà àti Gúúsù Áfríkà ti ń ráhùn pé owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Indonéṣíà tiẹ̀ ti kọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé owó ibodè rẹ̀ láti ọdún 2018, ó kàn fi iye rẹ̀ sí 0% ni. Mo gbọ́ ìráhùn wọn, àmọ́ owó orí ọjà lásán lè bá wọn gba owó yẹn láìsí aṣọ́bodè nídìí rẹ̀. New Zealand ń gbà á láti ọdún 2016, Ọsirélíà láti 2017.

Àjọ yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ti jókòó fún ọdún márùn-ún lórí àdéhùn òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 2024. Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ pé kí dátà máa lọ fàlàlà láti ìlú dé ìlú sì ti kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìwé náà ò léyín mọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ni pé kí ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà lágbára lábẹ́ òfin, kí aṣọ́bodè máa gba ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí ìwé owó ọjà ìlú kan yé ẹ̀rọ ìlú kejì. Ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́ni tí yóò bá a gbé bébà kiri. Ẹni tó dá nìkan ń ṣòwò ò ní. Títí di ìgbà tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìwé ẹrù orí omi, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé ẹrù ti wọ ọkọ̀ àti ẹni tó lè gbà á, tí wọn ò bá tẹ̀ sórí bébà ò ní agbára kan náà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àdéhùn ẹrù káàkiri ayé ló ń lo òfin ibẹ̀.

Àjọ Yúróòpù dábàá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé kí ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 750 bọ́ lọ́wọ́ àwọn àkọsílẹ̀ kan tí GDPR ń béèrè, bí dátà tó wà lọ́wọ́ wọn ò bá léwu púpọ̀. Mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Kí wọ́n na ọwọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú: kí aṣojú kan ṣoṣo tó fún dátà, owó orí àti ààbò ọjà, kí ẹni tí ọjà rẹ̀ ò sì tó iye kan lọ́dún má nílò aṣojú rárá. Iye yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó lé lórí.