Ẹwìrì Tí Ó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí mo bá dúró ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọ̀kadà àti Márúwá bá ti dí ojú títì pa, etí mi máa ń mọ ọkọ̀ bàbá mi àgbà kí ojú mi tó rí i. Mercedes C230 Kompressor ni, ti ọdún 1998, tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní ọdún 2006 nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn láti yà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, igbe tín-ín-rín kan á gba iwájú rẹ̀ jáde, kì í ṣe ti sàlẹ́ńsà, kì í sì í ṣe ti fáànù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àbúrò mi kan tí ó ń kàwé ní LAUTECH jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí irú ọkọ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó lówó rà kí ó sì tọ́jú pamọ́. Ọkọ̀ eré òde òní ni tirẹ̀. Tèmi ni ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní supercharger, ìdí tí mo sì fi dì í mú ni pé ènìyàn lè rí ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá, ó lè gbọ́ ọ, bí ó bá sì bàjẹ́, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe.

Ẹni tí ó bá ti dúró nílé alágbẹ̀dẹ rí kò ní béèrè ohun tí supercharger ń ṣe. Èédú lè kún ibẹ̀ dé òrùlé, bí ọmọṣẹ́ kò bá fi ẹwìrì fínná, irin kò ní pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rí. Epo bẹntiróòlù kò lè jó ju ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó bá rí lọ, ẹ́ńjìnnì lásán sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé mọ ní ìwọ̀nba èémí tirẹ̀. Supercharger ni ẹwìrì tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, tí ó ń fi ipá kó afẹ́fẹ́ wọlé kí epo púpọ̀ sí i lè jó lẹ́ẹ̀kan náà. Àfiwé yìí kì í sì í ṣe àsọdùn: ẹ̀rọ tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Roots gba ẹ̀tọ́ àtinúdá lé lórí ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1860, àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin ni ó lò ó láti fẹ́ iná wọn, ọjọ́ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti dè é mọ́ ọkọ̀. Ọdún 1921 ni Mercedes gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ní irú rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ní Berlin, tí ọ̀rọ̀ Kompressor, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe supercharger, sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tí ó gbé e dé ẹ̀yìn búùtù ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Turbo náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n èéfín tí ń jáde lọ ni ó ń yí i, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń falẹ̀ díẹ̀ kí èéfín tó pọ̀ tó. Supercharger kì í falẹ̀; bí ẹsẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ó ti dáhùn. Àmọ́ ó ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì kí ó tó fi kún un, ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ bàbá mi àgbà iye tí wọ́n ń ná sórí epo.

Nínú àwọn àgbà ọkọ̀ wọ̀nyí, Mercedes 540K ti ọdún 1936 ni ó wù mí jù. Ẹwìrì tirẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí awakọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, agbára ẹṣin 115 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, supercharger á so mọ́ ọn, ó di 180, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Duesenberg SSJ ti ọdún 1935 ńkọ́? Méjì péré ni wọ́n ṣe, ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti jẹ́ ti òṣèré Gary Cooper rí, ni wọ́n sì tà ní mílíọ̀nù 22 dọ́là ní ọdún 2018. Bí ẹni tí ó rà á bá kàn tì í mọ́ gàráàjì ni, ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Àbúrò mi mọ ibi tí yóò ti mú mi: ó fa ọ̀rọ̀ Bentley yọ. W. O. Bentley fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi supercharger sí ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń wá agbára, kí ó ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi sí i. Tim Birkin, tí ń fi ọkọ̀ náà díje, kò gbà fún un. Ó rí obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Dorothy Paget, tí ó náwó sí i, wọ́n sì ṣe Blower Bentley 55. Níbi ìdíje ọkọ̀ ti Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1930, Birkin lé Mercedes SSK ti Rudolf Caracciola kíkan-kíkan. Mercedes náà kú sọ́nà, àwọn Blower náà kú sọ́nà, Bentley Speed Six tí kò ní ẹwìrì kankan ni ó sì gba ipò kìíní. N kò lè jiyàn ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ Bentley kéde ní ọdún 2019 pé àwọn yóò tún àwọn ọkọ̀ kan ṣe bí ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, Blower ni wọ́n kọ́kọ́ mú, méjìlá sì ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe.

Ká má tan ara wa, tí ó bá jẹ́ ti eré ni, ọkọ̀ òde òní ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Dodge Challenger Hellcat jáde fún ọdún 2015 pẹ̀lú agbára ẹṣin 707, Demon 170 ti ọdún 2023 sì lè dé 1,025 bí epo tí ẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ bá wà nínú táǹkì. Tesla Model S Plaid kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, mọ́tò iná mẹ́ta ni ó gbé e dé 1,020. Bíréèkì wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti àtijọ́. Bí ọmọ mi bá ń ṣàìsàn lóru tí mo ní láti gbé e dé Ìlọrin, ọkọ̀ òde òní ni n ó gbé, n kò ní wo 540K lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ níbo ni a ó ti sá 707 náà nílé? Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ mọ ohun tí tírélà àti kòtò ń fi ojú oníeré rí.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni ó jẹ mí lógún jù. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, supercharger ọkọ̀ bàbá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbarágbará bí ìgbà tí wọ́n da ìṣó sínú agolo. Ẹ̀bi tiwa ni: supercharger náà ní òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì, a kò sì yí i padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kàn já wáyà tí ń gbé iná lọ sí kílọ́ọ̀ṣì tí ń so ó mọ́ bẹ́líìtì ni, ariwo dákẹ́, agbára náà sì bá ariwo lọ. Odidi ọdún kan ni Bàbá fi ń gun òkè bí ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan júwe àgbàlagbà kan fún wa, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ ìlọta kọ́ṣẹ́ kí ó tó bọ́ sídìí mọ́tò. Ó tú ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ yí i, ó tẹ́tí sí i, ó ní béárìn ni. Ọjọ́ kejì ni a gbé ọkọ̀ náà lọ sílé, kò sì fi kọ̀ǹpútà kankan kàn án.

Ẹ wá wo ọkọ̀ eré kan tí aládùúgbò mi gbé dé ní ọdún tó kọjá, tí kò tíì pé ọdún méje tí wọ́n ṣe é. Iná kan tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà kọ̀ láti kọjá jíà kẹta. Wọ́n ti gbé e lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà wò ó, wọ́n ti ra bréènì bọ́ọ̀sì kan tí kò bá a mu, ó sì ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sí irin kankan tí ó kán nínú rẹ̀. Àbúrò mi ní ọmọ ìgbà tirẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń tún irú rẹ̀ ṣe, bí àwọn àgbà ṣe kọ́ ti béárìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kì í bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tú u.

Mercedes ti fi turbo rọ́pò Kompressor láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tó kù yóò sì máa dín kù. (Àwọn kan wà ní àdúgbò Under G níhìn-ín tí wọ́n ra àmì Kompressor lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò ní ẹwìrì. Mo ń wò wọ́n.) Mo ti bẹ bàbá mi àgbà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta tiwọn, kí wọ́n má ṣe pe oníbárà kankan ṣáájú mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kò tíì ṣetán láti máa wọ Márúwá.