142857 kì í ṣe nọ́ńbà ògùn

Oní-zémidjan kan, ìyẹn ọlọ́kadà, gbé mi láti ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìjókòó alùpùpù rẹ̀, ó fi bébà kékeré kan hàn mí. 142857 ni wọ́n kọ sí i. 500 sẹ́fà ló rà á. Wọ́n ní owó tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ lọ á máa padà wá bá a, bí nọ́ńbà yẹn ṣe máa ń padà wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù yín ṣírò rẹ̀ wò."

Mo ṣírò rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ di ìlọ́po: lọ́nà méjì, 285714. Lọ́nà mẹ́ta, 428571. Mẹ́rin, 571428. Márùn-ún, 714285. Mẹ́fà, 857142. Àmì mẹ́fà kan náà, bí àwọn tó ń jó yípo agbo. Mi ò ní parọ́, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n lọ́nà méje, 999999 ló já sí.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ká ní ìyá méje dá àjọ, tó pé mílíọ̀nù kan sẹ́fà, tí wọ́n fẹ́ pín in dọ́gba. Kálukú á gba 142857, sẹ́fà kan á ṣẹ́ kù. (Ibi tí wọ́n á ti rí ẹyọ sẹ́fà méjì-méjì lóde òní, ẹ má bi mí.)

Ẹ pín in bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. 10 sí ọ̀nà méje: 1, ó ku 3. 30: 4, ó ku 2. 20: 2, ó ku 6. 60: 8, ó ku 4. 40: 5, ó ku 5. 50: 7, ó ku 1. A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè ṣẹ́ kù, láti 1 dé 6, ló ti yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wá pín 3 dípò 1, ọ̀nà kan náà lẹ máa tọ̀, ìdí 3 lẹ kàn ti máa bọ́ sí i: 428571.

Tí ẹ bá pín 1 sí ọ̀nà 17 dípò méje, òun náà ní tirẹ̀, 0588235294117647, tó ń yí bẹ́ẹ̀ dé ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. 13 ò rí i ṣe: 076923 lọ́nà méjì jẹ́ 153846, 9 ti sá lọ.

Èyí tó wù mí jù nìyí: bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ló fa ijó yìí. Ogún-ogún làwọn bàbá wa ń kà: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, 20 sí ọ̀nà méje jẹ́ 2, ó ku 6. Ogún mẹ́fà, ìyẹn 120, jẹ́ 17, ó ku 1. Ó parí. Ẹsẹ̀ méjì péré, agbo ti tú.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un létí títì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá bi mí pé ta ló ń mú sẹ́fà kan tó kù. Mo ní ìyá alájọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká bébà rẹ̀, ó dá a padà sábẹ́ ìjókòó.