Kí Ni Dátà Ń Wá Nínú GPS Aago Ọwọ́ Yín?

Ní Òṣogbo yìí, tí èèyàn bá fi aago GPS sọ́wọ́ jáde láàárọ̀ láti sáré, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Dátà mélòó ló ń jẹ lóṣù?" Ó ti mọ́ wa lára pé ohunkóhun tó bá lè sọ ibi tí èèyàn wà, dandan ni kó máa jẹ dátà. Àwọn tó ń tà á pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà: "Ẹ rántí ra síìmù sí i o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ GPS ẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́." Mo mọ ẹnì kan tó fi aago gidi sílẹ̀ nílé nígbà tó ń lọ gun òkè ìṣàn omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, torí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró níbẹ̀. Èyí ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí gan-an ni aago náà ti wúlò jù.

GPS inú aago kò nílò dátà, kò nílò síìmù, kò sì nílò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan nítòsí. Ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ ló nílò. Ọkọ̀ ojú omi tó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì ń lo GPS tọ̀sán tòru. Ta ló lọ ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́bẹ̀?

Sátẹ́láìtì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ti Amẹ́ríkà tí à ń pè ní GPS, tí iye wọn lé ní 24, wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè orí wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìkéde ni wọ́n ń ṣe láìdákẹ́: èmi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, aago báyìí ló lù. Aago ọwọ́ yín á gbọ́ ìkéde yẹn, á wo bó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á sì fi ìyẹn ṣírò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà sí i tó. Sátẹ́láìtì mẹ́ta ì bá tó o láti mọ ibi tó wà, àmọ́ aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ wa kò péye bíi ti àwọn tó wà lókè. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì í, àṣìṣe náà á di nǹkan bíi mítà 300, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyípo pápá ìṣeré oní-mítà-400. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wá ẹ̀kẹrin: òun ló fi ń tún àkókò ti ara rẹ̀ ṣe.

Bíi rédíò ló rí. Bí OSBC bá ń sọ̀rọ̀ láti Òkè-Baálẹ̀, ẹni tó wà ní Òkè-Fìà ń gbọ́, ẹni tó wà ní Ìkìrun ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó ra dátà nínú wọn. Àwọn tó wà nínú sítúdíò ò sì lè mọ ẹni tó tan rédíò àti ẹni tó pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì GPS ò mọ̀ pé aago yín wà láyé. Aago yín kì í dá a lóhùn. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù pé sátẹ́láìtì ń ṣọ́ yín fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni fóònù yín, àti irú àwọn tẹ́ ẹ gbà láàyè kí wọ́n máa wo eré tẹ́ ẹ bá gbé sórí Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré fi ń ṣàfihàn ibi tí wọ́n sá dé, pàápàá tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé yín lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Owó oṣooṣù? Kò sí. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló dá GPS sílẹ̀, wọ́n sì ju sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ sókè ní 1978. Ní 1983, lẹ́yìn tí àwọn Soviet yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú Korea kan tó ṣìnà wọ ilẹ̀ wọn, Ààrẹ Reagan kéde pé aráàlú náà máa lè lò ó. Síbẹ̀, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da èyí tí aráàlú ń gbọ́ rú kó má bàa péye jù, àfi ìgbà tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dá a dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Láti ìgbà náà, ọ̀fẹ́ ni èyí tó péye fún gbogbo ayé. Rọ́ṣíà, Yúróòpù àti Ṣáínà náà ti ní tiwọn, GLONASS, Galileo àti BeiDou, ọ̀pọ̀ aago òde òní sì ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun fi "ṣí GPS" aago yín, ẹ gba aago yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò dá àwọn tó gba irọ́ yìí gbọ́ lẹ́bi, torí ojú wọn rí nǹkan. Lórí fóònù, tí dátà bá tán, àwòrán ojú ọ̀nà Google Maps kì í jáde mọ́, èèyàn á wá rò pé GPS ló kú. GPS ò kú. Ẹ wò ó dáadáa, àmì róbótó aláwọ̀ búlúù yẹn ṣì ń bá yín rìn lórí ojú ewé tó ṣófo. Àwòrán ilẹ̀ ni dátà ń gbé wá.

Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú jù ni òrùlé wa. Páànù ló bo ilé wa, páànù kì í sì í jẹ́ kí ìró sátẹ́láìtì, ìyẹn ìkéde tí wọ́n ń ṣe, kọjá, torí ìró náà ti rẹ̀ gan-an kó tó dé ilẹ̀. Ẹni tó wà ní pálọ̀ tan aago, ó ń wò ó, aago ń wá sátẹ́láìtì, kò rí. Ó so ó mọ́ fóònù, ó jáde síta, ó rí i. Ó wá ní dátà ló ṣe é. Jíjáde tó jáde ló ṣe é! Bẹ́ẹ̀ náà ni aago tuntun, tàbí èyí tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀: ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí àwọn sátẹ́láìtì wà látẹnu wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan fi ń ka ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà, ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀ sì ni àkọsílẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ ń gbà. Ẹ dúró níta, lábẹ́ ọ̀run, títí tó fi máa sọ pé òun ti rí i, kẹ́ ẹ tó gbéra láti Ọláìyá.

Ibi kan wà tí dátà ti ń ṣèrànwọ́, mi ò ní fi pamọ́. Tí ẹ bá so aago mọ́ fóònù nílé, fóònù lè gba àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn sátẹ́láìtì máa wà fún ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún un, aago á wá tètè rí wọn. Ìrànwọ́ lásán ni. Tí kò bá sí, ẹ máa dúró pẹ́ díẹ̀ ni. Tí GPS bá ń jẹ nǹkan kan, bátìrì ló ń jẹ.

Ohun tó ń da aago láàmú gan-an ni igi àti ògiri gíga. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun tiwa yìí, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àjọní ayé ní 2005. Ẹ rìn ní ojú ọ̀nà abẹ́ àwọn igi ńláńlá wọ̀nyẹn, kí ẹ sì wo ìlà tí aago yà nígbà tẹ́ ẹ bá délé. Etí odò lẹ rìn, ìlà á ti yà wọnú omi, á tún yà padà sínú igbó. Ewé tó tutù ń gba ìró, ẹ̀ka igi sì ń dá a padà, aago á wá ṣírò ọ̀nà tó gùn ju ti òótọ́ lọ. Bí fóònù yín bá tiẹ̀ kún fún dátà, ìlà yẹn kò ní tọ́. Aago tó ń gbọ́ ìró méjì láti ara sátẹ́láìtì kan náà, L1 àti L5, ló máa ń ṣe dáadáa jù níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aago tó bá ní ètò fún un lè fi ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá hàn yín padà. Àmọ́ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ṣubú, nítorí gbígbọ́ ni GPS ń gbọ́, kì í sọ̀rọ̀. Àwọn aago kan tó jáde ní 2025, bíi Garmin fēnix 8 Pro àti Apple Watch Ultra 3, lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì mìíràn ni, kì í sì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé fún ará ilé kẹ́ ẹ tó jáde.

Ó ku ti àwọn aago olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ GPS sí páálí wọn lára, tí kò sí GPS nínú wọn. Ti fóònù ni wọ́n ń yá lò, àwọn yìí ló sì ń mú kí irọ́ náà dà bí òótọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà pa fóònù tí aago náà so mọ́, kẹ́ ẹ gbé aago jáde sí gbangba, kẹ́ ẹ tẹ eré sísá, kẹ́ ẹ sì fún un ní àyè bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá rí sátẹ́láìtì, tó sì ń ka mítà bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, GPS wà nínú ẹ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ lọ mú fóònù wá, ẹ má san owó aago GPS lé e lórí.